Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ lórí Bóyá Aréògún Ọ̀sì Tóótun Láti Gba Digirí Iṣẹ́-Ọnà

Ìbéèrè tí ìwé yìí fẹ́ dáhùn ti pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ àwọn onímọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá: bí Aréògún, agbẹ́gilére ará Ọ̀sì, bá di ẹrù rẹ̀ lónìí, tó gba ọ̀nà Ìdó àti Ìfàkì wọ Ọyẹ́-Èkìtì, tó ní òun fẹ́ kàwé gboyè nínú iṣẹ́-ọnà, ṣé òfin yóò gbà fún un? Yunifásítì kò jìnnà sí i. Ìjọba àpapọ̀ dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní ọdún 2011, wọ́n sì fi apá kan rẹ̀ sí Ìkọ̀lé, kí inú ọba ìlú méjèèjì, Ọlọ́yẹ́ àti Ẹlẹ́kọ̀lé, lè dùn pọ̀. Ìwé ẹ̀rí nìkan ló kù. A ó yẹ fáìlì Aréògún wò láìṣe ojúsàájú, pẹ̀lú ti ọmọ rẹ̀ George Báńdélé, àti ti Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Báńdélé. A fi ti Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ kún un. Gúúsù Èkìtì ni Ọlọ́wẹ̀, ó sì yẹ kó wà lẹ́yìn ààlà ìwádìí yìí, tó dá lórí àríwá Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀wé lórí ère Èkìtì tí kò dárúkọ rẹ̀ yóò jíhìn fún àwọn ará Ìsẹ̀.

Òfin tí a ó lò kì í ṣe ti yunifásítì kan pàtó. Èyí tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, là sílẹ̀ fún gbogbo wọn ni, pẹ̀lú ti JAMB, àjọ ìdánwò àṣewọlé tó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti 1978. Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS ti jáde ní 2022, NUC ló ń pinnu ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́. Yunifásítì yóò sì fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ dí ìdá ọgbọ̀n tó kù. Kí òǹkàwé má gbàgbé ìdá ọgbọ̀n yìí. Ibẹ̀ ni ìrètí àwọn olùbéèrè wa wà, bí ìrètí kan bá wà.

Ohun àkọ́kọ́ tí òfin ń béèrè ni krẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn, ní ìjókòó kan tàbí méjì. Lórí èyí, àwáwí Ọlọ́wẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọdún 1938 ló kú, ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó dá àjọ ìdánwò WAEC sílẹ̀ ní 1952, a kò sì lè bá ẹni wí pé kò jókòó síbi tí wọn kò tíì gbé àga sí. Ti Aréògún kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 1954. Ó ní ọdún méjì gbáko láti lọ forúkọ sílẹ̀, a kò sì rí ẹ̀rí kankan pé ó gbìyànjú. Àwọn kan yóò sọ pé bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, pé ère ló ń gbẹ́. Ìwé yìí kò gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé arúgbó kò gbọdọ̀ jókòó sí ìdánwò, iṣẹ́ ọwọ́ kò sì fìgbà kan jẹ́ ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́-ọnà yóò fi pa ìwé rẹ̀ tì.

Àmọ́ ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún Aréògún, kò sì sí ẹni tó ti ronú kàn án tẹ́lẹ̀. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá márùndínláàádọ́ta àyè ìwọlé wà fún ẹni tó gba máàkì jù, ìdá márùndínlógójì fún àwọn ará agbègbè, ìdá ogún fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ètò ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí. Èkìtì kò sí níbẹ̀, ìlú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ọ̀sì, tí gbogbo ará ibẹ̀ jẹ́ Èkìtì ní ahọ́n àti ní orò, bọ́ sí ọwọ́ Kwara nígbà tí wọ́n ń fa ìlà. Nítorí náà, bí Aréògún bá kọ Kwara sínú fọ́ọ̀mù, àánú lè wọlé fún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ̀kọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá kọ Èkìtì, àyè náà bọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan bí ó ti mọ ère gbẹ́ tó rárá, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ó rọrùn fún ìgbìmọ̀ ìwádìí yìí láti ṣèdájọ́ lé e lórí.

Kí a tó kúrò ní Kwara, a gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba Bámgbóyè ará Odò-Ọwá, aládùúgbò Ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Òmù-Àrán gbà á láti kọ́ àwọn ọmọ ní ère gbígbẹ́ láwọn ọdún 1930. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé wò. Òun kò béèrè digirí lọ́wọ́ wa, nítorí náà a dá fáìlì rẹ̀ padà.

Ó kan Ọyẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé 2011 ni ẹ̀kọ́ gíga kọ́kọ́ dé ìlú náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì méjì nínú ẹgbẹ́ SMA, Kevin Carroll tí wọ́n bí ní Liverpool ní 1920, àti Sean O'Mahoney, dá ilé iṣẹ́-ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ Yábàá (Yaba Tech) sílẹ̀ l'Ékòó, ẹgbẹ́ kan náà ni Ọyẹ́ àti Yábàá. Yábàá ní rẹ́jísírà, ó sì wà títí dòní. Ọyẹ́ kò ní, wọ́n sì tì í ní 1954. Àwa kò sọ pé àìní rẹ́jísírà ló pa á, ṣùgbọ́n a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn rẹ́jísírà láti lò bó ti wù wọ́n.

Ètò ìgbàwọlé ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ yóò ya ọ̀jọ̀gbọ́n òde òní lẹ́nu. Olùbéèrè yóò gbé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ wá, wọn á wò ó. Ó tán. Ní nǹkan bí 1949, Làmídì Fákẹ́yẹ dé síbẹ̀. Ọmọ ìran agbẹ́gilére ni, ó ti ń gbẹ́gi láti kékeré, èyí tó túmọ̀ sí pé, ní èdè JAMB, ẹni tó yẹ kó gba Direct Entry bọ́ sí ọdún kejì ni. Carroll wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní kó lọ jókòó ti Báńdélé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni ọmọ náà, àlùfáà Kátólíìkì ló ń bójú tó ilé iṣẹ́, ọmọ agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ ère orò Epa sì ni ọ̀gá rẹ̀. Lónìí, ẹ̀kọ́ ìlàjà àti ìrẹ́pọ̀, GST 312, ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe lè jọ gbé. Ní Ọyẹ́ kò sí ẹni tó gba ẹ̀kọ́ náà, a ò sì mọ ohun tí wọ́n gbójú lé.

Ó yẹ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń kọ́, torí ibẹ̀ ni ìwádìí yìí ti ṣe àwárí tó tóbi jù. Carroll jókòó ti àwọn agbẹ́gilére, ó bi wọ́n léèrè, ó sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967. Ìpele mẹ́rin, wọ́n ní, ni igi ń gbà kó tó di ère. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé: àáké ni wọ́n fi ń gé ìtì igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀, láìṣe ojú, láìṣe etí. Èkejì ni alétúnlé: orí tó jẹ́ kìtì á bẹ̀rẹ̀ sí ní ojú, imú, etí, apá á yà kúrò lára ìhà. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí wọ́n ń fi ṣísù àti ọ̀bẹ pa gbogbo ojú àáké rẹ́. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: ṣónṣó ọ̀bẹ ló ń la irun, ìpéǹpéjú, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ.

Òǹkàwé tó lójú inú ti rí i. Ìpele mẹ́rin, ọdún mẹ́rin. Ọnà lílé ni 100 level, alétúnlé ni 200, dídán ni 300, fínfín ni 400. A fẹ́ pe èyí ní Òfin Ìbáramu Ọyẹ́, a sì retí pé kí wọ́n máa fa ọ̀rọ̀ wa yọ. Ìṣòro kan péré ló wà nínú rẹ̀. Ọnà lílé ló le jù. Àáké tó bá ṣìnà lójú ibẹ̀ ti ba igi jẹ́, kò sí dídán tó lè tún un ṣe. Nítorí náà, ọ̀gá ló sábà máa ń lé ọnà, tí ọmọ iṣẹ́ á máa dán. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sún un sẹ́yìn, títí yóò fi dé ìdí àáké. Ọmọ yunifásítì ń bẹ̀rẹ̀ ní 100 level ó sì ń parí ní 400. Ọmọ Báńdélé ń bẹ̀rẹ̀ ní 300, ó sì ń parí ní 100. Bí a bá fẹ́ kí fáìlì Fákẹ́yẹ bá ti kọ̀ǹpútà mu, àfi kí a kà á sẹ́yìn, portal kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Lórí wíwá sí kíláàsì, òfin ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá tó ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ jókòó sí ìdánwò. Ní abẹ́ òfin yìí, ọmọ iṣẹ́ ayé àtijọ́ yege ju ẹnikẹ́ni lọ. Ilé ọ̀gá ló ń sùn. Bí kò bá sí nídìí igi, á wà lóko ọ̀gá tàbí lọ́nà odò. A kò rí kóòdù tí a lè fún omi pípọn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ gbà pé ó yẹ fún yúnìtì méjì.

Ibi tí wàhálà wà ni àwọn ẹ̀kọ́ àjùmọ̀ṣe. Lábẹ́ CCMAS, Aréògún gbọ́dọ̀ gba GST 112, èyí tó dá lórí àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti àṣà wọn. Olùkọ́ lè gbé àwòrán ère Epa kan síwájú rẹ̀, kó sì bi í pé àwọn ènìyàn wo ló ni ín, kí sì ni wọ́n ń fi í ṣe. Bí bàbá bá dáhùn pé òun lòun gbẹ́ ẹ, ìdáhùn náà kò sí nínú ìwé amọ̀nà tí wọ́n fi ń máàkì. Ó gbọ́dọ̀ gba ENT 211 pẹ̀lú, kí wọ́n lè kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń fi iṣẹ́ ọwọ́ bọ́ ara rẹ̀.

A dán ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní yúnìtì méjìdínlógún ló forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà kan, tí mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́, tí mẹ́wàá jẹ́ ti ìwé. Ká fún un ní A nínú gbogbo ti ọwọ́ (ọ̀kan nínú wa ní kó jẹ́ B, torí ère náà kò bá àwòrán tó wà nínú ìwé mu, a bẹ̀ ẹ́). Ìyẹn jẹ́ ogójì máàkì. Ti ìwé jẹ́ òdo. Ogójì, a pín in sí méjìdínlógún, ó fún wa ní 2.22. Láàárín 1.50 sí 2.39 sì ni tádì kíláàsì wà. Aréògún á jáde pẹ̀lú tádì kíláàsì, bí ó bá lè jáde. Kò ní lè jáde, torí yúnìtì mẹ́wàá ti di kári-ófà, ó sì gbọ́dọ̀ yege nínú gbogbo rẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó lọ sí Sẹ́néètì. Lórí NYSC, ọkàn wa balẹ̀: ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kì í lọ, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí ìyọ̀ǹda.

Ẹ̀sùn kan tún wà tó wúwo jù. Yunifásítì kò fàyè gba dída iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Sọ́fítíwíà wà tó ń ṣọ́ ọ, bí ìfarajọra bá sì ti kọjá iye kan, prójẹ́ẹ̀tì náà á padà sílé. Ní ilé Aréògún, ìfarajọra gan-an ni ohun tí wọ́n ń wá. Ọmọ iṣẹ́ á gbẹ́ bíi ti ọ̀gá títí ojú kò fi ní lè yà wọ́n. Bí ó bá gbẹ́ ohun tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni láàárín ọdún kìíní, wọ́n á gba àáké lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ló sì máa ń wà lórí iṣẹ́ tó bá jáde nílé náà, èyí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì kan mọ̀ dáadáa. Lábẹ́ òfin, Báńdélé, tí ọwọ́ rẹ̀ jáde láti inú ọwọ́ bàbá rẹ̀, gbọ́dọ̀ fojú ba ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Ti ìdáàbòbò prójẹ́ẹ̀tì ló kù. Ní yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ orí márùn-ún, á wọ kóòtù, á dúró níwájú olùdánwò tó ti òde wá, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, á sì fi ọ̀wọ̀ gba àtúnṣe. Iṣẹ́ tó ṣe á wọ yàrá ìkẹ́rùsí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn ti ọdún tó kọjá ti ń dúró dè é. Ní àríwá Èkìtì, ìdánwò ère Epa yàtọ̀. Ère náà lè wúwo ju ogún kílò lọ, wọ́n á gbé e ka orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, òun á jó, á sì fò gun òkìtì ilẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Bí ó bá fẹsẹ̀ rinlẹ̀ lórí òkìtì, ire ni fún ìlú. Bí ó bá ṣubú, ìlú ti mọ̀ pé nǹkan kan wọ́. Èyí tó ń kan agbẹ́gilére níbẹ̀ ni ìwọ̀n: bí ó bá kó ẹrù jù sí apá kan, bí ihò orí kò bá bá orí mu, òkìtì á sọ ọ́. Kò sí orí kẹta tó ń ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí. A ka gbogbo ohun tí òfin là sílẹ̀ fún digirí iṣẹ́-ọnà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a kò sì rí ibì kan tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sílé, tàbí bóyá ẹnikẹ́ni lò ó. Ó jọ pé wọ́n gbàgbé ni.

Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń béèrè. Lójú pópó Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya pátákó àti ìwé òkú wà káàkiri, òfin ìgboyè tiwọn sì le. Ìwé àdéhùn á wà, òbí á fọwọ́ sí i, ọdún á pé. Lẹ́yìn náà ni fúrídọ̀ọ̀mù: owó, àga, abọ́ ìrẹsì, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbàdúrà sí i lórí, á sì fa sísọ́ọ̀sì àti téèpù lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ á fún un ní sátífíkéètì tó máa gbé kọ́ sára ògiri. A fi èyí wé kílíáráǹsì ti yunifásítì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ìbuwọ́lù ní ilé ìkàwé, ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì owó, títí dé ibi tí ẹni tó ń buwọ́ lù ú ti lọ jẹun. Ìyàtọ̀ tí a rí ni pé kò sẹ́ni tó gbàdúrà. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì pa fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà lọ jókòó ti irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Yúnìtì òdo ni ìwé ìjọba kọ fún gbogbo rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti fìmọ̀ ṣọ̀kan báyìí. Ọlọ́wẹ̀: a kò gbà á. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ọgọ́gà Ìkẹ́rẹ́ wà níbi ìpàtẹ Wembley ní 1924. Nígbà tí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìlú Ọba fẹ́ rà á, Kábíyèsí kọ̀, wọ́n sì ní láti ṣe ìtẹ́ kan fún un ní pàṣípààrọ̀. Ó wú wa lórí, àmọ́ ìtẹ́ kì í ṣe krẹ́díìtì. Aréògún: a kò gbà á, àyàfi bí ó bá gbà pé ará Kwara ni òun. Báńdélé: ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Fákẹ́yẹ ló fún wa ní làálàá jù. Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á ní 1978, ìyẹn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ọdún kan náà tí wọ́n dá JAMB sílẹ̀ láti máa yẹ àwọn tó fẹ́ wọlé wò. Ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà níbẹ̀, òun ló gbẹ́ ẹ ní 1987. Ní 2006, UNESCO kà á mọ́ àwọn ènìyàn tó jẹ́ ìṣúra alààyè, ó sì kú ní 2009. A yẹ òfin wò dáadáa: kò sí ibi tó ti sọ pé ẹni tí a kò lè gbà wọlé láti kọ́ ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ wọlé láti kọ́ni. Nítorí náà, a kò lè fún Fákẹ́yẹ ní digirí, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ní Ifẹ̀ lè tọ́jú tiwọn.

A rọ àwọn yunifásítì pé nínú ìdá ọgbọ̀n tí NUC fi sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n wá àyè fún agbẹ́gilére kan àti aránṣọ kan láti máa jókòó pẹ̀lú olùdánwò tó ti òde wá, kí wọ́n sì mọ òkìtì kékeré kan sẹ́yìn ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ní ti àwọn olùbéèrè, fọ́ọ̀mù WAEC ti ọdún tó ń bọ̀ á jáde láìpẹ́. Iṣẹ́-ọnà wà lára ohun tí wọ́n lè yàn, kí wọ́n sì mú pẹ́ńsùlù HB dání.